Orí Keje: Lẹ́tà Mẹ́ta, Ìtumọ̀ Tó Lé ní Ẹgbẹ̀ta

Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1954, ní pápá ìṣeré kan lójú ọ̀nà Iffley nílùú Oxford, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn kan tó ń jẹ́ Roger Bannister sá eré máìlì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 59.4. Ṣáájú ọjọ́ náà, kò tíì sí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó sá a láìpé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo sọ ohun tí Bannister ṣe, "run" ni. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìlú Oxford yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó tóbi jù lọ wà, nígbà tí àwọn olótùú ìwé náà sì tún "run" yẹ̀ wò lákọ̀tun, ìtumọ̀ 645 ni wọ́n kà fún un, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. A kò tíì ka ti ọ̀rọ̀-orúkọ mọ́ ọn.

Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín. Kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó jókòó kọ́ ìtumọ̀ 645 sórí, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sí ọmọ Yorùbá tó jókòó kọ́ gbogbo ìtumọ̀ "jẹ". À ń jẹ ẹ̀bà, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè, à ń jẹ ayé. Olè ń jẹ owó ìlú, oníṣòwò ń jẹ èrè, ẹni tó ta tẹ́tẹ́ sì lè jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní rò pé ẹni tó jẹ gbèsè gbé e sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "jẹ" ló là á lójú, ọ̀nà yẹn náà ni a ó gbà mọ "run". Olùwà tó ṣáájú rẹ̀, àbọ̀ tó gbà, tàbí ọ̀rọ̀ kékeré tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ló ń sọ ìtumọ̀ tó gbé wá. Ẹni tó bá ń wá gbogbo ìtumọ̀ náà nínú "run" fúnra rẹ̀ yóò pẹ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn tó ka ìtumọ̀

Nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1755, ọ̀rọ̀-ìṣe "take" ló gba àyè jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ 134 ló kọ sí i, ó sì gba ojú ewé márùn-ún. Ìwé Oxford tí James Murray ṣe olótùú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìpín-ìpín lọ́dún 1884, kò sì parí títí di 1928. Murray ti kú láti 1915. William Craigie, ọmọ Scotland bíi Murray, ni lẹ́tà R bọ́ sí lọ́wọ́. Nínú ẹ̀dà kejì tó jáde ní ìdìpọ̀ ogún lọ́dún 1989, "set" ló wá gba ipò iwájú, pẹ̀lú ìtumọ̀ bí 430 àti nǹkan bí 60,000 ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣàlàyé wọn.

Láti ọdún 2000 ni àtúnṣe mìíràn ti ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí iṣẹ́ náà dé orí "run", Peter Gilliver, ọ̀kan lára àwọn olótùú, lo oṣù mẹ́sàn-án lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ibẹ̀ ni òǹkà 645 ti wá, tí "set" sì fi bọ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí a má gba òǹkà yìí bí ẹni gba òǹkà owó. Ọwọ́ ẹni tó ń pín ìtumọ̀ ni iye rẹ̀ wà. Ẹnì kan lè ka "run a mile" àti "run a race" sí ìtumọ̀ kan, nítorí eré ni méjèèjì. Ẹlòmíràn lè ní ọ̀kan gba bí ọ̀nà ṣe jìn tó ní àbọ̀, èkejì gba orúkọ ìdíje, nítorí náà wọ́n di méjì. Ìwé atúmọ̀ èdè kékeré tí ẹ ń gbé lọ sí kíláàsì kò ní kọ ju ìwọ̀nba lọ, irọ́ kọ́ ló sì ń pa. Ojú tó fi wo ọ̀rọ̀ náà ni kò sún mọ́ ọn tó ti Oxford.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó di ọ̀kan

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà. Èkíní ni "rinnan", tí wọ́n tún ń pè ní "irnan". Aláìgbàbọ̀ ni: ènìyàn sáré, omi ṣàn. Èkejì ni "ærnan", tó jẹ́ agbàbọ̀. Òun ni wọ́n ń lò fún ẹni tó mú kí nǹkan mìíràn sáré, bí ẹni tó gun ẹṣin tó sì lé e ní eré. Àwọn ará Scandinavia tó wá tẹ̀ dó sí ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún mú ọ̀rọ̀ tiwọn dé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà. Nígbà tó yá, gbogbo wọn para pọ̀ di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìyẹn ló fà á tí "run" fi lè dá dúró bí aláìgbàbọ̀ nínú "the boy runs", tó sì tún lè gba àbọ̀ nínú "she runs a shop". Ẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Jámánì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ títí dòní: "rinnen" fún omi tó ń ṣàn, "rennen" fún ẹni tó ń sáré.

Ẹ wá wo "sáré" tiwa. "Sá" ni ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀, "eré" sì ni àbọ̀ rẹ̀. Ó ti gbé àbọ̀ tirẹ̀ mì. Àyè kò sí mọ́ fún òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kò lè sọ pé ẹnì kan "ń sáré ṣọ́ọ̀bù" kí ẹ sì fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ló ń darí rẹ̀. Èyí ni mo rò pé ó ń kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà. Wọ́n kọ́ "run" ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ọmọ tó ń sáré, wọ́n so ó mọ́ "sáré" pinpin, nígbà tí wọ́n sì bá a pàdé níbòmíràn, ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n ṣì ń wá lára rẹ̀.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ ṣe ìyàtọ̀ kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní "bark" tó jẹ́ gbígbó ajá, ó sì ní "bark" tó jẹ́ èèpo igi. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìró ló kàn papọ̀. Orísun wọn kì í ṣe ọ̀kan. "Run" kò rí bẹ́ẹ̀. Agboolé kan ni àwọn ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́: àwọn kan ń gbé yàrá iwájú, àwọn kan ti kọ́lé sí ẹ̀yìn odi, ṣùgbọ́n bàbáńlá kan náà ni gbogbo wọn ń pè. Nínú ìwé yìí, irú ti "bark" ni a ó máa pè ní ọ̀rọ̀ ajọ-dún, irú ti "run" sì ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ka. Irú méjèèjì ló lè bí gbólóhùn pọ́nna, ìyẹn gbólóhùn tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ.

Ohun tó ń ṣàn

Omi ni ẹ̀ka tó dàgbà jù. Kì í ṣe pé wọ́n ya ṣíṣàn láti ara sísáré nígbà kan. Láti ayé "rinnan" ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. "The river runs", odò ń ṣàn. "Run the tap", ṣí ẹ̀rọ omi kí ó máa dà. "Run a bath", omi ni à ń dà sínú báàfù fún ẹni tó fẹ́ wẹ̀. "My nose is running", imú ń ṣomi. "The colours ran", aró yọ kúrò lára aṣọ, ó sì kun èyí tí wọ́n jọ fọ̀. Ẹyin tí wọ́n sè tí inú rẹ̀ kò gbẹ ni wọ́n ń pè ní "runny".

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀-ìṣe bíi mẹ́rin ni mo lò ní Yorùbá fún àwọn gbólóhùn wọ̀nyẹn: ṣàn, dà, ṣomi, yọ. Tiwa wo irú omi náà àti ibi tó ti ń jáde. Ti Gẹ̀ẹ́sì wo kìkì pé ó ń lọ. Kò sí èyí tó gbọ́n ju èkejì lọ nínú ọ̀nà méjèèjì, àmọ́ ẹni tó bá ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti yapa.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìtàn Amẹ́ríkà tó máa ń tan ọ̀pọ̀ òǹkàwé jẹ. Nígbà ogun abẹ́lé wọn, ìjà méjì ńlá wáyé ní Virginia, èkíní ní oṣù Keje ọdún 1861, èkejì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1862, tí wọ́n ń pè ní Bull Run. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé màlúù kan sáré gba ojú ogun kọjá. Kò sí màlúù. Odò kékeré ni "run" níbẹ̀, orúkọ odò náà ni Bull Run. Àwọn ọmọ ogun Àríwá fi orúkọ odò pe ìjà náà. Àwọn Gúúsù fi orúkọ ìlú ìtòsí pè é, ìyẹn Manassas. Lórí máàpù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ló ṣì ń jẹ́ "run" dòní.

Ohun tí kò kúrò lójú kan

"The road runs from Ìbàdàn to Ọ̀yọ́." Ọ̀nà náà kò kúrò níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ojú wa ló ń bá a lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi èyí rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwa náà ń wí: ọ̀nà yìí gba Ìwó lọ sí Òṣogbo. Ta ló rí ọ̀nà tó dìde lọ sí Òṣogbo rí? Ọgbà, ògiri, wáyà iná, ìlà orí ìwé, gbogbo ohun tó bá gùn tó sì tẹ́ lọ ló lè gba "run" lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Láti ara ohun tó gùn nílẹ̀ ni wọ́n ti kọjá sí ohun tó gùn ní àkókò. Eré orí ìtàgé Agatha Christie tó ń jẹ́ The Mousetrap bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1952. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ló dá a dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n sì tún gbé e dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Nígbà tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù bá ní eré náà ti "run" ju àádọ́rin ọdún lọ, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n ṣì ń ṣe é bọ̀. Àdéhùn ilé tó "runs until December" ń ṣiṣẹ́ títí di oṣù Kejìlá. Àrùn tó "runs in the family", bíi foníkú-fọ̀la-dìde, ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Nínú "in the long run", eré ti parí pátápátá, nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín ni.

Ọ̀rọ̀-orúkọ náà kò gbẹ́yìn nínú irú ìrìn àjò yìí. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, "run" ni orúkọ àmì ayò, nítorí pé agbábọ́ọ̀lù méjì ní láti sáré pààrọ̀ ipò kí wọ́n tó gbà á. Àmọ́ bí ẹni tó mú pátákó bá gbá bọ́ọ̀lù dé ààlà pápá, "run" mẹ́rin ni wọ́n ń fún un; bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ààlà láìbalẹ̀, mẹ́fà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má kúrò nílẹ̀. Ibi tí wọ́n sé adìẹ mọ́ náà ń jẹ́ "run", iye ẹ̀dà ìwé tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú tó ya lára ìbọ̀sẹ̀ obìnrin sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Ìlú Ọba, "ladder" ni wọ́n ń pe èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Mi ò ní dúró lórí wọn.

Ìgbà tí ẹ̀rọ dé

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1830 ni wọ́n ṣí ojú irin tó so Liverpool mọ́ Manchester. Nígbà tí rélùwéè tàn ká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kún fún ẹ̀rọ, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa fi sọ ohun tí irin wọ̀nyí ń ṣe. Wọn kò wá a jìnnà. Ọkọ̀ ojú irin "runs" lórí irin, nítorí ó ń lọ. Lẹ́yìn náà, ó "runs" ní gbogbo wákàtí, ìyẹn ni pé wọ́n ń gbé e jáde bí àkókò bá tó. Ẹ wo bí ìyẹn ti yàtọ̀: "The trains are not running today" kò sọ nǹkan kan nípa bóyá wọ́n ń yára tàbí wọ́n ń falẹ̀. Ohun tó sọ ni pé iṣẹ́ rélùwéè kò sí lónìí. Nígbà tí rélùwéè wa láti Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ìtumọ̀ yìí ti gbó lẹ́nu àwọn ẹnjiníà tó mú un wá.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló yani lẹ́nu jù lójú tèmi. Awakọ̀ páàkì ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, kò pa á, ó lọ ra búrẹ́dì. "He left the engine running." Ọkọ̀ dúró gbọin, kò sún mítà kan, síbẹ̀ ẹńjìnnì rẹ̀ "is running". Ibi tí ìrìn ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà tó ku iṣẹ́ nìkan nìyẹn. Látibẹ̀ lọ, ohunkóhun tó bá ń ṣiṣẹ́ ló lè "run": aago, ẹ̀rọ amúlétutù, ètò inú kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá "run a program", ẹ kàn ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ni. Àwọn àwùjọ ènìyàn náà ò sì yọ sílẹ̀. Ẹni tó ń darí ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ilé oúnjẹ "runs" wọn, bí ẹni pé ẹ̀rọ ni wọ́n tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yẹ.

Yorùbá kò bá Gẹ̀ẹ́sì lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ tiwa ń ṣiṣẹ́ ni. Ti àwọn Faransé tún dá yàtọ̀: fún ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí rírìn ni wọ́n ń lò, "marcher". Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ kan náà tó ń sáré lójú ọmọ ilé ìwé ní Ìkẹjà ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú ọmọ ilé ìwé ní Kétu lórílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọ, nígbà tí àwọn ìyá àwọn méjèèjì ń sọ pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ìdìbò àti báńkì

Ará Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ di ààrẹ máa ń "run for office". Ará Ìlú Ọba tó bá fẹ́ wọ ilé aṣòfin máa ń "stand for election". Ọ̀kan ń sáré, èkejì dúró, ipò kan náà ni wọ́n ń wá. Àwọn oníròyìn Nàìjíríà fẹ́ràn "contest" ju méjèèjì lọ. Síbẹ̀, nígbà tí a gba ètò ìṣèjọba olórí-orílẹ̀-èdè bíi ti Amẹ́ríkà fún ìdìbò ọdún 1979, "running mate" bá a wọlé. Inú ìdíje ẹṣin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, níbi tó ti jẹ́ ẹṣin kejì tí olówó ẹṣin kan náà fi sínú eré láti ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Philip Umeadi ni "running mate" Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1979. Babagana Kingibe ni ti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ní ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993. Àwọn oníròyìn Yorùbá kò túmọ̀ rẹ̀ mọ́ eré rárá. Igbákejì olùdíje ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ṣe dáadáa.

Ti báńkì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. "A run on the bank" ni kí àwọn tó fi owó pamọ́ sí báńkì ya lọ lójijì láti gba owó wọn nítorí ìfura pé báńkì náà fẹ́ wó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ sí Northern Rock, báńkì kan tó ní olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Newcastle. Èyí ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tó lókìkí ní Ìlú Ọba láti ìgbà tí ilé owó Overend Gurney dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 1866. Bí ẹ bá rí fọ́tò ọjọ́ náà, ẹ kò ní rí ẹni tó ń sáré. Ẹ ó rí àwọn àgbàlagbà tó tò lórí ìlà ní wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń tò. Owó ni ó ń sáré jáde. Ìwé ìròyìn tó bá túmọ̀ gbólóhùn náà sí "wọ́n sáré lórí báńkì" ti sọ òǹkàwé rẹ̀ nù. "Àwọn oníbàárà ya lu báńkì láti gba owó wọn" ló kún ojú òṣùwọ̀n.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ ọn

Ibi tí ìdánwò ti máa ń gé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nìyí. Àwọn olùkọ́ kan a kọ ogún nínú wọn sójú pátákó pé kí kíláàsì há wọn sórí. Mi ò fara mọ́ ọn, nítorí ohun tí a há sórí láìrí i nínú gbólóhùn kì í pẹ́ ṣí kúrò lórí.

Ẹ mú "run out". "We have run out of salt." Ní Yorùbá, iyọ̀ ti tán. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olùwà: àwa ni olùwà ti Gẹ̀ẹ́sì, iyọ̀ ni olùwà tiwa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé olùwà Yorùbá wọ ti Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ "salt has run out", èyí tó tọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbìyànjú láti fi "of" kún un, yóò kọ "salt has run out of us", iyọ̀ á sì wá di ẹlẹ́sẹ̀ tó jáde nínú wa. "Run into" tún nìyẹn. Bí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rẹ́, ẹ ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ògiri, ẹ kọlù ú. Bí ó bá jẹ́ gbèsè tàbí wàhálà, ẹ kó sí i. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yí padà. Àbọ̀ nìkan ló yí padà.

"Run down" gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì tó "run down" ti kú tàbí ó ti fẹ́ kú. Ilé tó "run-down" ti di ẹgẹrẹmìtì. Ẹni tó ń "run down" ẹlòmíràn ń bẹnu àtẹ́ lù ú. Ọkọ̀ tó "runs down" ènìyàn gbá a ṣubú. Ọmọ tó "runs down the hill" kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, orí òkè ló ti sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ìdánwò kékeré kan wà tó ń ya ti òkè yẹn sọ́tọ̀. Ẹ gbìyànjú láti gbé àbọ̀ sí àárín. "The car ran over the goat" lè di "the car ran the goat over", nítorí "over" lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n jọ túmọ̀ sí títẹ̀ pa tàbí títẹ̀ lọ́gbẹ́ ni. "The car ran over the bridge" kò lè di "the car ran the bridge over". Atọ́kùn lásán ni "over" níbẹ̀, ọkọ̀ gba orí afárá kọjá ni. Ẹni tó bá fi ìdánwò yìí sọ́wọ́ kò ní nílò ìlà ogún ọ̀rọ̀ lórí pátákó.

Lẹ́nu àwa náà

Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ti bí ọmọ tirẹ̀ fún "run", mi ò sì rí ìdí tí ìwé ẹ̀kọ́ fi níláti dákẹ́ nípa wọn. "Running stomach" ni ìgbẹ́ gbuuru. Dókítà ará Ìlú Ọba lè kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ẹni tó sọ ọ́, àmọ́ òun náà ní "the runs" nílé, tó jẹ́ àrùn kan náà. "Have you run mad?" tí ìyá ń sọ sí ọmọ aláìgbọràn kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n ń sọ "run mad" nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láyé àtijọ́; "go mad" ló gbòde lọ́dọ̀ wọn báyìí, àwa kàn tọ́jú ti àtijọ́ ni.

"Runs" ló jẹ́ tiwa gan-an. Ẹni tó ní òun fẹ́ lọ ṣe "runs" kan ní Ìdúmọ̀tà lè fẹ́ lọ ra ọjà fún oníbàárà, ó lè fẹ́ lọ bá ẹnì kan ṣe ètò ìwé kan tí kò yẹ kó rí gbà. Ìtumọ̀ rere àti èyí tó ní kọ́lọ́fín jọ ń gbé inú ọ̀rọ̀ kan, ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń yà wọ́n. Tí wọ́n bá fi "girl" kún un, ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ tán, ó di obìnrin tó ń bá ọkùnrin lò nítorí owó. Kò sí ọ̀nà tí ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè nìkan lè gbà fi ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń gún ènìyàn lára hàn yín. Ẹnu àwọn tó ń lò ó ni ẹ ó ti gbọ́ ọ. Nínú ìdánwò, ẹ kọ "diarrhoea" dípò "running stomach". Lọ́dọ̀ onímọ́tò, ẹ sọ ohun tó máa yé e.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Túmọ̀ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí sí Yorùbá láìlo "sáré" tàbí "sá": "Who runs this school?" "The film runs for two hours." "The dye ran all over her white lace." "We ran out of kerosene on Saturday." "I ran into your uncle at Bodija market." Fa ìlà sábẹ́ olùwà nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, kí o sì tọ́ka sí èyí tí olùwà ti yí padà.

2. Lo ìdánwò àbọ̀-sí-àárín fún "He ran down the stairs" àti "He ran down the headmaster". Èwo ni "down" ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe?

3. Ọ̀rọ̀-ìṣe "gbà" wà nínú: gba bọ́ọ̀lù, gba ilẹ̀, gba owó, gba àdúrà, gba àlejò. Wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ka ni "gbà" àbí ọ̀rọ̀ ajọ-dún? Sọ ìdí rẹ̀.

4. Fún ọ̀sẹ̀ kan, tẹ́tí sí "runs" ní gáréèjì, lórí rédíò àti láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Kọ gbólóhùn mẹ́jọ sílẹ̀ bí o ṣe gbọ́ ọ gan-an, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Sọ irú ẹni tó sọ ọ́ àti irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kí o sì pín àwọn gbólóhùn náà sí ìtumọ̀ bí ó bá ṣe tọ́ lójú rẹ. Mú òǹkà rẹ wá sí kíláàsì kí a fi wé ti àwọn yòókù.